Irú Pijó tó gba ipò kìíní ní Kẹ́ńyà ni wọ́n ń tà ní kìlò n'Ìbàdàn

Ẹni tó bá gba Challenge lọ sí Ring Road, tó wá yà sẹ́yìn àwọn ilé àtijọ́ tó wà ládùúgbò náà, kò ní í pẹ́ kó tó rí Pijó 504 tó ti wà lójú kan látọjọ́ pípẹ́, tí koríko ti hù yí i ká, táwọn adìyẹ sì ti sọ abẹ́ rẹ̀ di ilé. Bó bá pẹ́ títí, àwọn tó ń ra irin kọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù yóò gbé òṣùwọ̀n wọn dé, wọ́n á gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ, wọ́n á wọ̀n ọ́n ní kìlò, ọ̀rọ̀ sì parí. Kò sẹ́ni tó máa sọ fún ẹni tó ń tà á pé irú mọ́tò yẹn ló gba ipò kìíní nínú ìdíje Safari ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà lọ́dún 1975, nígbà tí Ove Andersson, ọmọ ilẹ̀ Sweden, wà á. Lọ́dún 1978, 504 tún gbà á, onílẹ̀kùn méjì tẹ́ńjìnnì rẹ̀ lágbára ju tilé lọ nìyẹn, Jean-Pierre Nicolas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló sì wà á.

Ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ. Pijó 404 tó ṣáájú 504 gba ìdíje yìí lẹ́ẹ̀mẹ́rin, ní 1963, 1966, 1967 àti 1968. Volkswagen kékeré tí Yorùbá ń pè ní Ìjàpá gbà á ní 1954, 1957 àti 1962. Ọdún 1953, tí wọ́n dé Ọbabìnrin Elizabeth ládé, ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìdíje náà. Ẹrẹ̀, eruku àti òkúta ló kún ojú ọ̀nà rẹ̀, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó bá sì bẹ̀rẹ̀ kì í parí. Àwọn mọ́tò tó parí rẹ̀ yìí làwọn bàbá wa ń gùn. Lọ́dún 1975 ni ilé iṣẹ́ Pijó bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò ní Kaduna, ọdún náà ni ti Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Nígbà tí ilẹ̀ Faransé dáwọ́ 504 dúró lọ́dún 1983, yàtọ̀ sí pikọ́ọ̀pù rẹ̀, Kaduna ṣì ń tò ó lọ, ó sì wọ ẹgbẹ̀rún ọdún tuntun.

Kí ló wá dé tí irú ọjà bẹ́ẹ̀ fi di irin kìlò? Ìdí ẹ̀ ni pé ọ̀tọ̀ ni mọ́tò, ọ̀tọ̀ ni ohun tí wọ́n kọ nípa mọ́tò. Àwọn òyìnbó mọ èyí láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 1900, àwọn olówó kan tó ń ṣe mọ́tò àti táyà ní ilẹ̀ Faransé, tí Dion àti Michelin wà lára wọn, bínú kúrò lọ́dọ̀ ìwé ìròyìn eré ìdárayá kan tí wọ́n ń polówó ọjà sí, wọ́n dáwó jọ, wọ́n sì dá tiwọn sílẹ̀. L'Auto ni wọ́n wá ń pè é nígbà tó yá, àní, ìwé ìròyìn eré ìdárayá tó ń jẹ́ Mọ́tò! Òun náà ló dá ìdíje kẹ̀kẹ́ tó gbajúmọ̀ jù láyé sílẹ̀ lọ́dún 1903. Ìwé mìíràn tó ń jẹ́ La Vie au Grand Air, tó ti wà láti 1898, kì í fi àwòrán mọ́tò tó ń sáré ṣeré lójú ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá rò pé ṣe ni mọ́tò ṣèèṣì bọ́ síwájú ìwé ìròyìn láyé ìgbà yẹn kò tíì mọ bí òwò ṣe ń rìn. Àwọn tó ń tà á ló sanwó kó lè wà ńbẹ̀.

Ẹ wá wo èrè tí ìwé ń mú wá. Lóṣù Karùn-ún ọdún 2022, wọ́n ta Mercedes 300 SLR kan tí wọ́n ṣe lọ́dún 1955 ní gbàǹjo ní Jámánì, mílíọ̀nù 135 owó Yúrò ni wọ́n tà á. Kò tíì sí mọ́tò tí wọ́n tà ní gbàǹjo tó tó bẹ́ẹ̀ nígbà náà. Ohun tó yani lẹ́nu ni pé mọ́tò yẹn fúnra rẹ̀ kò sá ìdíje kankan rí. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ ló sáré. Ọ̀kan nínú wọn ni Stirling Moss, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, fi gba ìdíje Mille Miglia ní Ítálì lọ́dún 1955, wákàtí 10 àti ìṣẹ́jú 7 ló fi rin nǹkan bí ẹgbẹ̀rún máìlì. Ẹni tó jókòó tì í ni Denis Jenkinson, akọ̀ròyìn Motor Sport, tó ti kọ gbogbo kọ́nà àti gegele ojú ọ̀nà náà sórí bébà gígùn kan tó ká sínú àpótí kékeré. Nígbà tó délé, ó kọ ìtàn ìrìnàjò náà sínú ìwé ìròyìn rẹ̀, àwọn olólùfẹ́ mọ́tò kò sì yéé kà á títí dòní. Ìyẹn ni wọ́n rà ní mílíọ̀nù 135.

Irú mọ́tò àtijọ́ bẹ́ẹ̀ ṣì ń sáré. Wọ́n jí Mille Miglia dìde lọ́dún 1977, Goodwood ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ tiẹ̀ lọ́dún 1998, ti Kẹ́ńyà sì bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2003. Ní Goodwood, aṣọ ayé àtijọ́ làwọn tó ń wòran ń wọ̀ wá, tí télọ̀ náà fi ń rí tiẹ̀ jẹ.

Lọ́dọ̀ tiwa, bọ́ọ̀lù ló gba iwájú ìwé ìròyìn eré ìdárayá. Ẹ̀bi àwọn tó ń tẹ̀ ẹ́ kọ́ pátápátá, nítorí ẹni tó ń ta pààtì Pijó l'Árárọ̀mí ní Agodi Gate kò gbé ìpolówó lọ bá wọn rí. Ṣùgbọ́n Ìbàdàn kò nílò kó ṣe ìdíje mọ́tò kí mọ́tò àtijọ́ tó mówó wá. Púpọ̀ nínú fíìmù '76, tí Izu Ojukwu darí, tó jáde lọ́dún 2016, bárékè Mókọ́lá níbí ni wọ́n ti yà á. October 1 ti Kunle Afolayan, tó jáde lọ́dún 2014, ọdún 1960 ló ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀. Wọn kò jẹ́ gbé Corolla tòkunbọ̀ sírú fíìmù bẹ́ẹ̀. Ẹni tí Pijó rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, tí ìjókòó rẹ̀ mọ́, tí ọ̀dà rẹ̀ sì jẹ́ irú èyí tí wọ́n fi kùn ún ní Kaduna, ó lè yá wọn ní ọjọ́ díẹ̀, kó sì tún yá ọkọ ìyàwó tó fẹ́ẹ́ ya fọ́tò ní Bódìjà.

Ìyẹn ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ yáwó kó fi ra 504 mẹ́wàá o. Iṣẹ́ àkókò ni, epo ti wọ́n, oníbàárà kò sì ní í máa wá lójoojúmọ́. Ẹyọ kan tó ń rìn sàn ju mẹ́wàá tó wà lórí búlọ́ọ̀kù lọ.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti le gan-an ni ìwé. Ọ̀pọ̀ àwọn mọ́tò yìí ni pátíkúlà wọn ti sọnù, tí kò sẹ́ni tó mọ ọdún tí wọ́n rà á tàbí ẹni tó kọ́kọ́ gùn ún. Fọ́tò bàbá kan tó dúró ti Ìjàpá rẹ̀ níwájú Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀ lè wà nínú àpótí ẹnìkan báyìí, kò sì mọ̀ pé ọjà ni. Àwọn tó ń ṣe fọ́tòkópì lágbègbè Agbowó lè fi owó kékeré tẹ̀ ẹ́ jáde, kí wọ́n fi nọ́ńbà ṣáásíì, rìsíìtì àti orúkọ mẹkáníìkì tó tún un ṣe tì í. Fáìlì yẹn ni oníbàárà tó mọyì máa bèèrè kó tó wo ẹ́ńjìnnì.

Àwọn mẹkáníìkì ọ̀hún náà ń dàgbà. Àwọn tó mọ bí wọ́n ti ń to kabúrétọ̀ 504 láìwo ìwé ti ń darúgbó, àwọn ọmọ iṣẹ́ tó ń gba fíríìdọ́ọ̀mù báyìí sì ti gba ọ̀dọ̀ mọ́tò oníkọ̀ǹpútà lọ, wọn kò jẹ̀bi, ibẹ̀ lowó ojoojúmọ́ wà. Ọ̀gá tó bá ṣì ní ọmọ iṣẹ́ kan tó fẹ́ẹ́ mọ̀ ọ́n, àsìkò yìí ló yẹ kó jókòó tì í, kí àwọn oníkọ̀ǹdẹ́ẹ̀mù tó gbé èyí tí wọn yóò fi kọ́ṣẹ́ lọ.