Ìpolówó àti Ìtètèrí: Àríyànjiyàn Lórí Òwò Orí Ayélujára

Láti ìgbà tí òwò ti wọ orí ayélujára, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ìpolówó, ni ọ̀pọ̀ Yorùbá ń lò fún oríṣiríṣi ohun tí kò bára wọn dọ́gba. Bí oníṣòwò bá gbé àwòrán ọjà rẹ̀ sí ojú Facebook, ìpolówó ni. Bí ó bá sanwó fún Instagram kí àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí lè rí ọjà náà, ìpolówó ni. Bí ó bá sì tún ojú òpó tirẹ̀ tò kí Google lè gbé e jáde fún ẹni tí ó ń wá irú ọjà bẹ́ẹ̀, ìpolówó náà ni wọn yóò tún pè é.

Àdàlù yìí kọjá ọ̀rọ̀ èdè lásán, nítorí owó ń bá a lọ. Oníṣòwò tí kò rí orúkọ rẹ̀ nígbà tí ó wá a lórí Google ni wọ́n máa ń sọ fún pé kí ó lọ náwó sí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́, pé bí àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ bá ti ń pọ̀ sí i níbẹ̀ ni Google yóò máa gbé e ga. Ẹni tí ó ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ni ó sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀. Ìbéèrè tí ó yẹ kí olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìṣòwò àti atúmọ̀ èdè bi ara wọn ni pé: ǹjẹ́ òtítọ́ ni? Bí kì í bá ṣe òtítọ́, èrè wo ni ó kù nínú ìpolówó orí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́?

Ohun Tí Ẹ̀rọ Aṣàwárí Ń Wò

Ẹ̀rọ aṣàwárí kì í dúró di ìgbà tí ènìyàn bá béèrè kí ó tó máa wá ọ̀rọ̀ kiri. Ó ti kọ́kọ́ ka àìmọye ojú-ìwé orí ayélujára, ó sì ti to ọ̀rọ̀ inú wọn jọ gẹ́gẹ́ bí atọ́ka ẹ̀yìn ìwé. Nígbà tí ìbéèrè bá dé, atọ́ka yìí ni ó ń wò. Lẹ́yìn náà ni yóò pinnu èyí tí yóò ṣíwájú àti èyí tí yóò kẹ́yìn. Ní ọdún 1998, Larry Page àti Sergey Brin, tí wọ́n jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Stanford ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé ìlànà kan jáde tí wọ́n pè ní PageRank. Lójú ìlànà yìí, bí ojú-ìwé kan bá fi ìsopọ̀ nawọ́ sí òmíràn, ẹ̀rí ni ó jẹ́ fún un. Ẹ̀rí ẹni tí àwọn ẹlòmíràn ti jẹ́rìí sí a sì máa wúwo ju ẹ̀rí ẹni tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ lọ. Google ti fi ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n mìíràn kún un láti ìgbà náà, ṣùgbọ́n ìsopọ̀ ṣì wà lára ohun tí ó ń wò.

Níbí ni àṣìrò ti wọlé. Ènìyàn lè rò pé bí ìsopọ̀ bá jẹ́ ẹ̀rí, a jẹ́ pé ẹgbẹ̀rún ìsopọ̀ lórí Facebook yóò di ẹgbẹ̀rún ẹ̀rí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní ọdún 2005, nígbà tí àwọn oníjìbìtì ń da ìsopọ̀ sí gbogbo ibi tí àlejò bá ti lè kọ ọ̀rọ̀ sí, Google, Yahoo àti Microsoft fẹnu kò lórí àmì kan tí ó ń jẹ́ nofollow. Iṣẹ́ àmì yìí ni láti sọ fún ẹ̀rọ aṣàwárí pé kí ó má ṣe ka irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ni ó ń fi àmì yìí sára ìsopọ̀ tí àwọn ènìyàn bá gbé síbẹ̀. Ní ọdún 2019, Google kéde pé àmọ̀ràn ni àmì náà yóò máa jẹ́ fún òun, pé kì í ṣe àṣẹ mọ́. Síbẹ̀, ẹni tí ó bá gbé òwò rẹ̀ lé irú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ ń kọ́lé sórí iyanrìn.

Ní ti iye olólùfẹ́ àti iye ẹni tí ó tẹ àmì ìfẹ́, Matt Cutts, ẹni tí ó ń ṣe olórí ìgbógunti ìjẹ̀kújẹ ayélujára ní Google nígbà náà, sọ ọ́ ní gbangba ní ọdún 2014 pé Google kò lo iye wọ̀nyí láti fi to ojú-ìwé sípò. Ìdí kan hàn kedere: ọ̀pọ̀ ohun tí ó wà lórí irú ìkànnì bẹ́ẹ̀ ni ó wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn tí ẹ̀rọ aṣàwárí kò lè ṣí. Ohun tí ẹ̀rọ kò bá lè kà, kò lè fi ṣe òṣùwọ̀n.

Ìkiri àti Ìsọ̀

Ọjà Yorùbá ti mọ ìyàtọ̀ tí ọ̀rọ̀ yìí ń fẹ́ tipẹ́. Ẹni tí ó ń kiri gbé igbá lérí, ó ń fi ohùn pe ẹni tí kò ní in lọ́kàn láti ra nǹkan. Bí ó bá kọjá, ohùn rẹ̀ kọjá. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ jókòó sí ojú kan. Ẹni tí ó ń bọ̀ wá bá a ti mọ ohun tí òun ń wá, ó sì ti ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn ará ọjà. Ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́ ni ojú ọ̀nà tí wọ́n ti ń kiri. Ojú òpó tí oníṣòwò fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ni ìsọ̀. Ẹ̀rọ aṣàwárí ni ará ọjà tí wọ́n ń béèrè ọ̀nà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tí ó ń kiri kò sì ni ojú ọ̀nà. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2021, Ìjọba Àpapọ̀ Nàìjíríà ti Twitter, tí ó ti di X báyìí, pa mọ́ àwọn ará ìlú. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 2022 ni wọ́n tó ṣí i. Oníṣòwò tí kò ní ibòmíràn tí wọ́n ti lè rí i ju ibẹ̀ lọ pàdánù ohun tí ó lé ní oṣù méje. Ẹni tí ó ní ìsọ̀ tirẹ̀ pàdánù ohùn lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá wá a lórí Google ṣì rí i.

Èrè Tí Ó Wà Níbẹ̀

Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni tìtorí èyí sọ pé asán ni ìpolówó orí ìkànnì ìbánidọ́rẹ̀ẹ́. Ẹni tí ó gbọ́ orúkọ aláró kan lórí Instagram lónìí lè tẹ orúkọ náà sínú Google lọ́la. Akọ̀ròyìn tí ó rí aṣọ rẹ̀ níbẹ̀ lè kọ nípa rẹ̀ sí ojú òpó ìwé ìròyìn, kí ó sì fi ìsopọ̀ sí i. Irú ìsopọ̀ yìí ni ó lè di ẹ̀rí gidi. YouTube, tí Google rà ní ọdún 2006, tilẹ̀ ń fara hàn nínú èsì ìṣàwárí fúnra rẹ̀. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ni gbogbo èrè wọ̀nyí ń gbà wá. Ìpolówó ń bí ìbéèrè. Òun kọ́ ni ó ń dáhùn rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí aláró kan ní Ìtòkú, ní Abẹ́òkúta, ṣe àpẹẹrẹ. Google gbà á láàyè láti fi orúkọ, àdírẹ́sì, wákàtí iṣẹ́ àti àwòrán ìsọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Nígbà tí ẹnì kan bá ń wá ìsọ̀ tí ó wà nítòsí, ohun mẹ́ta ni Google sọ pé òun ń wò: bí ohun tí wọ́n ń tà níbẹ̀ ṣe bá ìbéèrè mu, bí ibẹ̀ ṣe jìnnà sí, àti bí ibẹ̀ ṣe lókìkí tó. Ìbáramu, ìjìnnà, ìlókìkí: ìpolówó lè fi kún ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n kò lè ṣe iṣẹ́ méjì àkọ́kọ́.

Ìbáramu yìí ni iṣẹ́ onímọ̀ èdè ti wọ ọ̀rọ̀ òwò. Ọ̀pọ̀ aláró ni ó ń gbé àwòrán sí ìkànnì láìkọ ju iye owó lọ. Ẹni tí ó ń wá àdìrẹ ẹlẹ́kọ ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ ni yóò tẹ̀, kì í ṣe àwòrán. Bí aláró kò bá kọ ọ́ sílẹ̀ níbì kankan pé ẹlẹ́kọ ni, pé ẹ̀kọ ẹ̀gẹ́ ni òun fi yàwòrán sára rẹ̀, tàbí pé oníko ni, ó ṣòro kí ẹ̀rọ so ìbéèrè náà mọ́ ọjà rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fi àmì ohùn sí ohun tí wọ́n ń wá. Ẹni tí ó tẹ "oko" lè máa wá ilẹ̀ tí wọ́n ń dá, ọkọ̀ tí wọ́n ń wà, tàbí ọkọ́ tí wọ́n fi ń ro ilẹ̀. Àwọn ọ̀rọ̀ tí ó yí i ká lójú-ìwé ni yóò ran ẹ̀rọ lọ́wọ́. Àlàyé tí ó kún, tí a kọ dáadáa, wúlò fún ìsọ̀ ju ọgọ́rùn-ún àmì ìfẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ Tí Ó Yẹ Ní Lílò

Àwọn kan yóò sọ pé bí àwọn ènìyàn bá ti ń sọ ọ́ ni kí ìwé máa kọ ọ́, pé ìpolówó ti gbalẹ̀. Àwíjàre yìí lágbára níbi tí àdàlù kò bá ti pa ẹnikẹ́ni lára. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ kan bá ń jẹ́ kí wọ́n ta iṣẹ́ kan fún ènìyàn ní orúkọ iṣẹ́ mìíràn, ojúṣe ìmọ̀ ni láti yà wọ́n sọ́tọ̀. Kí ìpolówó dúró sí ààyè rẹ̀: kíké ọjà fún ẹni tí kò tíì béèrè. Kí ipò ẹni tí ẹ̀rọ aṣàwárí ń tètè gbé jáde máa jẹ́ ìtètèrí, tí a ṣẹ̀dá bí ìtètèdé àti ìtètèjí tí ó ti wà nínú èdè tẹ́lẹ̀. Kí iṣẹ́ tí ènìyàn ń ṣe láti dé ipò náà sì máa jẹ́ ìmúra-fún-ìṣàwárí. Bí ọ̀rọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá ti dá dúró, ẹni tí ó fẹ́ sanwó yóò lè béèrè èyí tí òun ń sanwó fún.

Àwọn àgbà ní ìpolówó ọjà ni àgúnmu òwò. Àgúnmu a máa fún ara lókun, ṣùgbọ́n kì í ṣe oúnjẹ. Ẹni tí kò jẹun kò lè fi àgúnmu yó. Kí oníṣòwò kọ́kọ́ kọ́ ìsọ̀ rẹ̀, kí ó kọ orúkọ ọjà rẹ̀ yékéyéké, kí ó fi àdírẹ́sì rẹ̀ hàn, lẹ́yìn náà kí ó wá polówó bí agbára rẹ̀ bá ti tó. Ẹni tí ó bá yí i po yóò náwó, ariwo yóò pọ̀, ẹni tí ó ń wá a kò sì ní rí i.