Sángo: Ta Ni Kí A Bi Léèrè Ọ̀nà?

Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, abẹ́ bíríìjì Sángo ní Ọ̀tà ti kún. Àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ ń wá ọkọ̀, àwọn kọ̀ǹdọ́ ń pe èrò, oníbúrẹ́dì sì ti pàtẹ sójú títì.

Ibẹ̀ ni ọ̀nà Èkó sí Abẹ́òkúta àti èyí tó lọ sí ibodè Ìdíìrókò ti pàdé. Tírélà àti kẹ̀kẹ́ Márúwá jọ ń du àyè kan náà.

Ìjọba ìbílẹ̀ Adó-Odò/Ọ̀tà ni Sángo wà; ètò ìkànìyàn 2006 ka èèyàn 526,565 níbẹ̀. Àmọ́ ọ̀nà ìjọba àpapọ̀ ni ọ̀nà méjèèjì láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí náà Àbújá ló yẹ ká kọ́kọ́ bi léèrè ọ̀rọ̀ títì.

Gọ́tà àdúgbò ńkọ́? Iṣẹ́ káńsù nìyẹn. Pàǹtí tó dí i ló ń jẹ́ kí omi òjò dá sójú títì, tí ọ̀dà fi ń ṣí. Kí káńsù kó pàǹtí náà kí òjò tó dé.