Ẹ Má Fi "Hello World" Ta Portal fún Wa

Ẹni tó bá fẹ́ ta portal fún ilé-ìwé tàbí ìjọba ìbílẹ̀ ní ilẹ̀ Ìkálẹ̀, tó wá gbé àtẹ eré sísá framework (irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń kọ portal) síwájú ìgbìmọ̀ bí ẹ̀rí, kí wọ́n dá a padà. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí le. Ṣùgbọ́n owó aráàlú la fẹ́ ná, àwọn ọmọ wa ló sì máa jókòó ti ẹ̀rọ ní alẹ́ ọjọ́ tí ìforúkọsílẹ̀ ń kásẹ̀ nílẹ̀.

Àtẹ tí wọ́n sábà máa ń gbé wá ni ti TechEmpower, ilé-iṣẹ́ Amẹ́ríkà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fi framework díje ní ọdún 2013. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, kóòdù wọn wà ní gbangba, n kò bá wọn jà. Àwọn tó sọ àtẹ náà di ìwé ẹ̀rí ni mò ń bá wí. Nínú ìdánwò tí wọ́n ń pè ní plaintext, gbogbo iṣẹ́ sáfà kò ju kó dáhùn "Hello, World!" lọ. Ìbéèrè 16 ni wọ́n ń tì lé ara wọn lórí okùn kan láìdúró de èsì, bẹ́ẹ̀ Chrome tó wà lórí fóònù wa kì í béèrè nǹkan báyẹn. Ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Fortunes ló sún mọ́ ìlò gidi jù: ó ń ka ìlà 12 láti inú database, ó ń fi ọ̀kan kún un, ó ń tò wọ́n, ó sì ń fi wọ́n ṣe ojú ìwé. Ìlà 12 péré! Àwọn tó ṣètò ìdíje náà pàápàá ń fi àmì "Realistic" sára kóòdù tó ṣe é lò lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń fi "Stripped" sára èyí tí wọ́n já ẹrù kúrò lórí rẹ̀ kó lè sáré. Ta ló ń ka àmì yẹn sí wa létí nígbà tí wọ́n bá ń polówó ọjà?

Ẹ wá wo Òkìtìpupa. Akẹ́kọ̀ọ́ kan wà ní káfẹ́ tí jẹnẹrétọ̀ ń gbé, torí ọ̀pọ̀ ọdún ni gúúsù Oǹdó fi wà láìní iná ìjọba. Dátà fóònù ló ń lò. Ó tẹ bọ́tìnì ìforúkọsílẹ̀. Portal gbọ́dọ̀ mọ ẹni tó jẹ́, bóyá ó ti sanwó, kọ́ọ̀sì tó ní carry-over nínú rẹ̀, iye yúnìtì tó kù fún un. Bí ẹni tó kọ kóòdù náà kò bá ṣọ́ra, kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan á máa lọ bi database léèrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ká ní ó lọ nígbà 60, tí lílọ kọ̀ọ̀kan gba mílísẹ́kọ́ńdì 5, mílísẹ́kọ́ńdì 300 ti lọ nìyẹn. Mélòó ni framework tó gbégbá orókè lè gbà padà níbẹ̀? Bí ó bá jẹ́ ojú ọ̀nà 20 ni wọ́n ṣí sínú database, tí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan di ọ̀kan mú títí mílísẹ́kọ́ńdì 300 náà fi pé, portal ọ̀hún kò lè dá ju èèyàn 66 lóhùn ní sẹ́kọ́ńdì kan, ì báà jẹ́ Laravel, ì báà jẹ́ Django. Àwọn yòókù á máa tò. Ẹni tó ń tò kò sì mọ̀ pé òun ń tò, ó tún tẹ bọ́tìnì. Ìbéèrè di méjì, nígbà mìíràn owó náà á lọ lẹ́ẹ̀mejì.

Ohun tó ń ba iṣẹ́ jẹ́ kì í sábà wà lórí àtẹ. Nínú UTME ọdún 2025, ìdánwò àṣewọ yunifásítì, akẹ́kọ̀ọ́ 379,997 ní ibùdó 157, ní Èkó àti ní ìpínlẹ̀ márùn-ún ilẹ̀ Ìgbò, ni ìdánwò wọn dàrú tí JAMB, àjọ tó ń ṣètò rẹ̀, fi ní kí wọ́n tún un ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, tó jẹ́ ọ̀gá àjọ náà nígbà náà, sunkún ní gbangba. Àtúnṣe sọ́fítíwia kan ni wọn kò gbé dé orí àwọn sáfà tó ń bójú tó àwọn ibùdó náà. Kò sí báwọn sáfà ì bá ti yára tó tí ì bá gba àwọn ọmọ wọ̀nyẹn sílẹ̀. Ìdánwò àṣepé lórí sáfà tí wọ́n máa lò gan-an nìkan ló lè tú u fó.

Àwọn tó ń ta portal á ní ìdánwò kékeré ló rọrùn láti fi wé ara wọn. Òótọ́ ni, ó sì wúlò fún àwọn tó ń kọ framework. Ṣùgbọ́n portal la fẹ́ rà. Wọ́n á tún gbé àròpín wá: nínú ọgọ́rùn-ún èèyàn, 99 rí èsì kíá, àròpín sì dùn ún gbọ́, àmọ́ ẹnì kan dúró títí ojú ìwé fi kú. Ọmọ ẹnì kan nìyẹn, ọdún kan sì lè bá a lọ.

Nítorí náà, kí ìgbìmọ̀ kankan má fọwọ́ sí ìwé kí agbaṣẹ́ṣe tó kó àkọsílẹ̀ ọdún mẹ́wàá sínú database, kó fi fóònù olówó pọ́ọ́kú wọlé láti Òde-Ayé, Ìgbòtàkó àti Ìlútítun lẹ́ẹ̀kan náà, kó já sáfà kan lẹ́nu iṣẹ́, kó sì tẹ èsì ẹni tó pẹ́ jù síta. Àwọn ọmọ Yunifásítì Olusegun Agagu tó wà láàárín wa lè fi í ṣe iṣẹ́ àṣejáde wọn. Agbaṣẹ́ṣe tó bá kọ̀, kí wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún ẹlòmíràn.