Ẹ Dá Ohùn Padà fún Olóhùn

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ máa ń já ìwé wa yìí gbà nígbà tí fọ́tòkọ́pì rẹ̀ ṣì gbóná, mo ní ẹjọ́ wá rò. Kì í ṣe ẹjọ́ owó ilé-ìwé, kì í ṣe ti iná tí wọ́n mú lọ láti ọjọ́ Àìkú. Ẹjọ́ fíìmù ni. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n rò ó tán ná.

Gbogbo họ́sítẹ́ẹ̀lì ló ń wo eré ilẹ̀ òkèèrè báyìí. Ti Kòríà ni, ti Sípéènì ni, ti Jámánì ni, ti Tọ́kì ni. Ẹni tí kò ní dátà á gbé fílaṣì lọ bá ẹni tó ní. Èyí dùn mọ́ mi, torí ọmọ tí kò dé oko bàbá ẹlòmíràn rí á ní kò sí oko tó tó ti bàbá òun. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé, kí eré tó bẹ̀rẹ̀ rárá, ọ̀pọ̀ nínú wa á kọ́kọ́ lọ tẹ ibì kan, wọ́n á ní kí ará Kòríà máa sọ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹnu òṣèré á máa lọ sọ́tùn-ún, ọ̀rọ̀ á máa lọ sósì. Ẹnì kan ń sunkún ní Seoul, ẹlòmíràn tí a kò rí ojú rẹ̀ ló ń bá a gbé ẹkún náà.

Ohùn àyálò ni mo ń pe nǹkan yìí. Àwa tí a ń kọ́ Yorùbá mọ ọ̀rọ̀ àyálò: a kò ní in nílé, a lọ yá a lọ́dọ̀ aládùúgbò, kò sí ìjà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òṣèré yìí ní ohùn tirẹ̀ lẹ́nu. A gbà á lẹ́nu rẹ̀ ni, a wá fi ti ẹlòmíràn há a.

Ohun tí mo ń sọ kò ju èyí lọ: ẹ máa wo eré ní èdè tí wọ́n fi ṣe é, kí ẹ máa ka ìtumọ̀ tó wà nísàlẹ̀. Màá dárúkọ mẹ́rin tí ẹ lè fi bẹ̀rẹ̀. Méjì jẹ́ eré alápá púpọ̀, méjì jẹ́ fíìmù ohun tó ṣẹlẹ̀ gan-an, èyí tí gbogbo wa ń pè ní documentary.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí Squid Game. Mo mọ̀, ẹ ti wò ó. Bí ẹ bá wò ó ní Gẹ̀ẹ́sì, ẹ padà lọ wò ó. Hwang Dong-hyuk ló kọ ọ́, òun náà ló darí rẹ̀. Apá kìíní jáde ní oṣù kẹsàn-án 2021, apá kẹta tó kádìí rẹ̀ jáde ní oṣù kẹfà 2025. Ọ̀dọ́kùnrin ará Pakistan kan wà nínú apá kìíní tó ń jẹ́ Ali, òṣìṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ kò sanwó fún. Ó pàdé Sang-woo, ọmọ tó ka ìwé ní yunifásítì tí wọ́n ń fi yangàn jù ní Kòríà. Sang-woo fún un lówó ọkọ̀. Láti ìgbà náà, sajangnim ni Ali ń pè é, bí èèyàn ṣe ń pe ọ̀gá níbi iṣẹ́. Nígbà tó yá, Sang-woo ní kó yé pe òun bẹ́ẹ̀, kó máa pe òun ní hyung. Hyung ni ọkùnrin ń pe ọkùnrin tó jù ú lọ. Ẹ̀gbọ́n ni.

Ṣé ó yẹ kí n tún ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún ọmọ Yorùbá? Ọjọ́ tí ọ̀gá bá ní, "Má pè mí ní sà mọ́, bọ̀dá ni kó o máa pè mí," ó ti gbà ọ́ sílé nìyẹn. Ẹbí ti wọ̀ ọ́. Ìdí nìyẹn tí ohun tí Sang-woo fi ṣe Ali níbi eré òkúta gíláàsì róbótó fi ń dunni dé egungun. Ali ń pe hyung, ó ń pe hyung, kò mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ti bá tirẹ̀ lọ.

Gẹ̀ẹ́sì kò ní ọ̀rọ̀ yìí. Bí wọ́n bá fi brother dípò rẹ̀, kò gún. Bí wọ́n bá fi orúkọ lásán dípò rẹ̀, ó bàjẹ́ pátápátá. Kòríà tún ní bí wọ́n ṣe ń yí ìparí ọ̀rọ̀ padà fún àgbà, bí àwa ṣe ní "o" àti "ẹ". Lójú Gẹ̀ẹ́sì, you ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó ń bú bàbá àti ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kí i, you kan náà ni wọ́n jọ ń pè é. Kòríà ní ẹ̀gbọ́n, Yorùbá ní ẹ̀gbọ́n, àwa wá ń gba inú ilé ẹni tí kò ní ẹ̀gbọ́n kọjá ká tó lè kí ara wa. Ibi tí ẹjọ́ mi wà gan-an nìyẹn.

Ẹ sì má gbàgbé o: nígbà tí wọ́n pín ẹ̀bùn Emmy ní Amẹ́ríkà ní 2022, Lee Jung-jae tó ṣe Gi-hun ló gba ti òṣèrékùnrin tó mókè jù nínú eré dírámà. Ṣáájú rẹ̀, kò sí ẹni tó gba irú rẹ̀ rí látinú eré tí kì í ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì. Èdè ìyá rẹ̀ ló ń sọ tó fi gbà á.

Èkejì ni Borgen, ti àwọn ará Denmark. Borgen ni wọ́n ń pe ààfin Christiansborg, níbi tí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin wọn wà. Eré náà bẹ̀rẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ìjọba wọn, DR, ní 2010. Obìnrin kan, Birgitte Nyborg, di olórí ìjọba. Ní 2011, Denmark yan obìnrin sípò náà fún ìgbà àkọ́kọ́ lójú ayé, Helle Thorning-Schmidt. Eré ló kọ́kọ́ gbé obìnrin débẹ̀!

Níbí, òdìkejì Kòríà lẹ máa gbọ́. Du ni gbogbo wọn ń pe ara wọn, ìyẹn "ìwọ". Ọmọ iṣẹ́ ń pe olórí ìjọba ní Birgitte, Birgitte, láìsí "mà" láìsí "ẹ". Etí Yorùbá á kọ́kọ́ ta kìjí. Bí ẹ bá wá ń wò ó lọ, ẹ máa rí i pé agbára wà nínú ilé yẹn dáadáa, ó kàn ń gba ibòmíràn yọ ni: ta ló jókòó, ta ló dúró, ta ni wọ́n kò pè sípàdé. Ẹni tó bá fi ohùn àyálò wò ó á rò pé bí gbogbo òyìnbó ṣe ń sọ̀rọ̀ náà nìyẹn.

Ará Denmark kò ju nǹkan bí 6 mílíọ̀nù lọ. Wọn kò ní, "Ta ló máa gbọ́ èdè wa?" Wọ́n fi èdè wọn ṣe é, BBC Four ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ra á, ó sì gbé e jáde ní 2012 pẹ̀lú ìtumọ̀ nísàlẹ̀. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn jókòó, wọ́n kà á! Àwa tí a ju 30 mílíọ̀nù lọ, a ń bẹ̀rù pé Gẹ̀ẹ́sì ò ní gbọ́ wa.

Ìkẹta ni Honeyland, tó jáde ní 2019. Tamara Kotevska àti Ljubomir Stefanov ló ṣe é ní North Macedonia, ọdún mẹ́ta ni wọ́n fi yà á. Obìnrin kan, Hatidže Muratova, ń gbé pẹ̀lú ìyá rẹ̀ arúgbó nínú abúlé tí kò níná. Oyin ló ń tọ́jú. Bó bá fẹ́ fa oyin, ìdajì ló ń mú, á fi ìdajì sílẹ̀ fún àwọn kòkòrò tó ni í. Aládùúgbò tuntun kó dé pẹ̀lú ìyàwó, ọmọ méje àti màlúù, òun náà bẹ̀rẹ̀ sí í sin oyin, ó fa gbogbo rẹ̀ tà. Kò pẹ́ tí oyin tirẹ̀ tí ebi ń pa lọ kọlu ti Hatidže. N kò tíì rí ìwé ọrọ̀-ajé tó ṣàlàyé ojúkòkòrò tó báyìí. Ní 2020, wọ́n dárúkọ rẹ̀ fún Oscar ní ọ̀nà méjì, ti documentary àti ti fíìmù ilẹ̀ òkèèrè. Ṣáájú rẹ̀, kò sí fíìmù tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí rí.

Ẹ̀ka èdè Tọ́kì àtijọ́ kan ni Hatidže ń sọ, àwọn tó ń yà á pàápàá kò gbọ́ ọ. Síbẹ̀, wọn kò bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń dárin fún oyin, ó ń pè wọ́n bí ìyá ṣe ń pe ọmọ. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ki ẹkùn, tí a ń ki erin, á mọ̀ pé orin yẹn kì í ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni lè bá a kọ.

Ìkẹrin ló súnmọ́ ilé jù: Dahomey, tí Mati Diop ṣe, tó gba ẹ̀bùn tó ga jù ní Berlin ní 2024. Nígbà tí ọmọ ogun Faransé wọ Abomey ní 1892, wọ́n kó ohun ààfin lọ. Ní oṣù kọkànlá 2021, wọ́n dá 26 padà láti Paris. Fíìmù náà tẹ̀ lé ẹrù yìí láti inú àpótí títí dé ilé. Ère ọba Ghezo wá ń sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, ohùn rẹ̀ nípọn bí ohùn eégún, Fon ló sì ń sọ. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ yunifásítì Abomey-Calavi jókòó, tí wọ́n ń jiyàn: 26 nínú ẹgbẹẹgbẹ̀rún, ṣé oore ni àbí ìwọ̀sí? Faransé ni wọ́n fi ń jiyàn. Ère ń sọ Fon, ọmọ ère ń sọ Faransé. Mi ò gbàgbé ohun tí ogun Dahomey fi ojú Kétu rí ní 1886 o, ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí àwọn ọmọ yẹn, ara wa ni mo rí. Bí ẹ bá wá gbé ohùn àyálò lé ère yẹn lẹ́nu, ẹ ti jí i gbé lẹ́ẹ̀kejì.

Mo ti ń gbọ́ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹnì kan á ní, "Ìtumọ̀ yẹn ń sáré jù, mi ò lè máa jẹun kí n tún máa kàwé." Ìwọ tó ń ka WhatsApp láti alẹ́ mọ́jú, ìlà méjì ló ń sáré jù fún ọ? Jọ̀ọ́, wábi jókòó.

Ẹlòmíràn á ní, "Gẹ̀ẹ́sì náà kọ́ ni wọ́n kọ sísàlẹ̀ ni?" Gẹ̀ẹ́sì ni, mo gbà. Ṣùgbọ́n kí Gẹ̀ẹ́sì jókòó sísàlẹ̀ bí ògbufọ̀, kò burú. Kó wá gun orí ìtẹ́, kó ní kí ọba dákẹ́, ìyẹn ni mo kọ̀.

Ẹnì kẹta ló sọ òótọ́: afọ́jú ńkọ́? Ìyá wa tí kò mọ̀wé ńkọ́? Ohùn àyálò tọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n ohùn wo? Láti 2015 ni Zee World ti ń gbé eré Íńdíà tí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì bò wọ inú ilé wa. Hindi ní aap fún àgbà, ó ní tum fún ẹgbẹ́ ẹni. Ó ní bhabhi fún ìyàwó ẹ̀gbọ́n ọkùnrin. Ilé ọkọ, ìyá ọkọ, orogún, kí ló wà níbẹ̀ tí Yorùbá kò ní orúkọ fún? Bí a bá máa yá ohùn fún màmá, kí a yá Yorùbá fún un. Ní Kánò, ọjọ́ ti pẹ́ tí àwọn Algaita ti ń fi Hausa bo fíìmù Íńdíà, tí ọjà sì ń tà. Kí ló ń ṣe tiwa?

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé ayé kò ní wo Yorùbá. Dúró Ládípọ̀ fi Yorùbá ṣe Ọba Wàjà ní 1964. Wọlé Ṣóyínká fi Gẹ̀ẹ́sì kọ Death and the King's Horseman lórí ìṣẹ̀lẹ̀ kan náà, ó jáde ní 1975. Nígbà tí Bíyì Bándélé máa sọ ìwé yìí di fíìmù, Ẹlẹ́ṣin Ọba, Yorùbá ló dá a padà sí, ó dé Toronto, ó dé Netflix ní 2022, lẹ́yìn tí òun fúnra rẹ̀ ti kú ní oṣù kẹjọ ọdún náà. Ẹni tí kò gbọ́ Yorùbá ń ka ìtumọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣé àlejò á wá ka ìtumọ̀ nítorí tiwa, kí àwa máa sá fún ti àlejò?

Àbá mi rèé. Kí ẹgbẹ́ wa wá fíìmù kúkurú kan tí olówó rẹ̀ bá yọ̀ǹda fún wa, ì báà jẹ́ ti Kòríà, ì báà jẹ́ ti Fon, kí a fi Yorùbá kọ ìtumọ̀ sísàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú àmì ohùn pípé. Kí hyung jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Kí a wò ó pa pọ̀ ní kíláàsì lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì kan, kí a jẹ́ kí ẹnì kan ṣètò jẹnẹrétọ̀. Èmi ti ṣetán láti kọ ojú ewé mẹ́wàá àkọ́kọ́.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ mi bá bí nínú, àyè wà nínú ẹ̀dà tó ń bọ̀, kó kọ tirẹ̀ wá. Kó ṣáà fi Yorùbá kọ ọ́.