Abẹ́rẹ́ Kan, Etí Kan

  Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí lè bí àwọn kan nínú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Èmi náà wà lára àwọn tí ọ̀rọ̀ yìí ń bá wí, torí yẹtí ni mo ń tà, ó sì ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń tà á ní Bàrígà níbí.

Ìsọ̀ mi ò jìnnà sí ibi tí obìnrin kan ti ń lu etí ọmọ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Èèyàn dáadáa ni, a jọ ń jẹ, a jọ ń mu. Bí wọ́n bá ti gbé ọmọ jòjòló dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, á mú abẹ́rẹ́ ìránṣọ, á fi òwú tó rẹ sínú sípírítì nù ún, ó di gbíì, ó ti wọ etí. Ọmọ á figbe ta, ìyá á máa rẹ̀ ẹ́. Kí wọ́n tó san owó tán, ọmọ mìíràn ti dé itan. Á tún nu abẹ́rẹ́ kan náà, á tún gún un. Sátidé kan wà tí ìsọmọlórúkọ pọ̀ káàkiri Bàrígà àti Ṣómólú, mo jókòó, mo ka ọmọ mọ́kànlá tí abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gba etí wọn kọjá. Mo kà á o, mi ò sì wí nǹkan kan. Àwọn ìyá ọmọ mọ́kànlá yẹn, bí wọ́n bá dìde níbẹ̀, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ń bọ̀ wá ra yẹtí. Kí ni mo fẹ́ wí?

Ìgbà tó kan ilé mi ni ojú mi là. Ọjọ́ kẹsàn-án tí wọ́n bí ọmọ ọmọ mi obìnrin ni wọ́n lu etí rẹ̀, níbòmíràn ni, kì í ṣe lọ́dọ̀ aládùúgbò mi. Ní ọjọ́ kẹrin etí òsì wú, ó pọ́n bí atarodo, ó ń ṣọyún. Ara ọmọ gbóná débi pé kò lè mu ọyàn. Ọjọ́ márùn-ún la lò ní ọsibítù. Nọ́ọ̀sì tó ń wẹ ojú egbò náà bi mí pé, "Mọ̀mọ́, abẹ́rẹ́ ta ni wọ́n fi lu etí ọmọ yìí?" Mo la ẹnu, mi ò rí èsì. Ta ló mọ ẹni tó ni abẹ́rẹ́? Ta ló mọ ẹni tí wọ́n fi gún ṣáájú? Ọmọ náà yè, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n àpá tó kù sí etí yẹn ga bí ẹ̀wà, títí di òní.

Etí tó wú, a rí i, a sì gbé e lọ sí ọsibítù. Èyí tí a kò rí ló ń dẹ́rù bà mí jù. Ẹ̀yin náà ti gbọ́ nípa mẹ́dọ̀wú, tí àwọn dókítà ń pè ní hepatitis B. Inú ẹ̀jẹ̀ ló wà, ó sì máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ẹni tó ní in lè má mọ̀ fún ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, kó tó di pé ikùn wú tàbí pé jẹjẹrẹ mú ẹ̀dọ̀ rẹ̀. Ìwádìí ńlá tí wọ́n ṣe kárí Nàìjíríà ní 2018, tí wọ́n pè ní NAIIS, fi hàn pé nínú 100 èèyàn tó wà láàárín ọmọ ọdún 15 sí 64, bí 8 ló ní kòkòrò yìí lára. HIV tí gbogbo wa ń sá fún ńkọ́? Ìwádìí kan náà ló sọ pé kò tó 2 nínú 100. Kòkòrò HIV kì í sì í pẹ́ kú bí ẹ̀jẹ̀ bá ti gbẹ. Ti mẹ́dọ̀wú lè wà láàyè fún ọjọ́ 7 lára nǹkan tó ti gbẹ, bí abẹ́rẹ́, bí abẹ, bí yẹtí. Ẹ̀jẹ̀ tí ojú kò lè rí tó o.

Ọmọ ọwọ́ ló sì ń ṣe ní ibi jù. Àgbàlagbà tó kó o, ara rẹ̀ sábà máa ń lé e jáde. Ṣùgbọ́n nínú ọmọ mẹ́wàá tó bá kó o kí wọ́n tó pé ọdún kan, mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án ni kò ní kúrò lára wọn mọ́. Ọjọ́ tí wọ́n bá bí ọmọ, kí ilẹ̀ tó mọ́ ọjọ́ kejì, ló yẹ kó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà ní ọ̀sẹ̀ 6, ọ̀sẹ̀ 10 àti ọ̀sẹ̀ 14. Láti 2004 ni àjẹsára mẹ́dọ̀wú ti wọ inú èyí tí ìjọba wa ń fún ọmọ, ọ̀fẹ́ sì ni ní ilé ìlera ìjọba. Èyí tí wọ́n ń gbà ní ọ̀sẹ̀ 6 lọ sókè ní ti tẹ́tánọ́ọ̀sì nínú pẹ̀lú. Ẹ wá wo ìwà wa: ọjọ́ kẹjọ, ọjọ́ kẹsàn-án, la ń lu etí, nígbà tí ara ọmọ ò tíì ní apata tó péye. Kí ló ń lé wa? Torí káwọn èèyàn má baà pe ọmọ obìnrin ní ọkùnrin níbi ìsọmọlórúkọ ni o!

Mo mọ ohun tí ẹ̀yin àgbà máa wí. Wọ́n lu etí tiwa náà, kí ló ṣe wá? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ síra wa. Nílé tiwa nígbà náà, ìyá àgbà ló ń lu etí, àwọn ọmọ ilé nìkan ló sì ń lù, bóyá ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún. Abẹ́rẹ́ tuntun ni wọ́n ń rà lọ́wọ́ alátẹ. Kò sẹ́ni tó ń lu ti ogún àlejò lójúmọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, mélòó nínú àwọn ọmọ tí ẹnu wọn dì pa kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ méjì, tí wọn ò lè mu ọyàn mọ́, tí ara wọn le gan-an, la sin tí a sì pè ní àbíkú? Tẹ́tánọ́ọ̀sì ni ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀. Ojú ìwọ́ ló sábà ń gbà wọlé lóòótọ́, ṣùgbọ́n egbò ni ìwọ́, egbò náà sì ni etí tí a lù.

Ọ̀rọ̀ sípírítì wá kù. Sípírítì dára fún nínu awọ ara. Kí a kàn fi nu abẹ́rẹ́ fẹ̀ẹ́ kò tó láti pa ohun tó wà lára rẹ̀. Síse nínú omi náà sàn ju àìsè lọ, àmọ́ irúgbìn tẹ́tánọ́ọ̀sì lè la omi híhó kọjá. Ìkòkò tí wọ́n ń lò ní ọsibítù, tí ooru rẹ̀ ń dé 121 pẹ̀lú èéfín omi tí wọ́n sé mọ́nú fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán, ìyẹn ló ń pa á. Ta ló ní irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ nínú ọjà? Nítorí náà, ọ̀nà kan ló kù: abẹ́rẹ́ tuntun, tó wà nínú ọ̀rá tí wọ́n lẹ̀ pa, tí a ya lójú ìyá ọmọ, tí a sì jù nù bí a bá ti lo ó fún ọmọ kan. Owó rẹ̀ ò tó owó ike mínírà kan.

Ohun tó ń yà mí lẹ́nu nìyí. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba ìfètòsọ́mọbíbí tí wọ́n ń fi sí apá, Implanon tàbí Jadelle. Ẹ rántí bí nọ́ọ̀sì ṣe ṣe é: ó fọ ọwọ́, ó wọ ìbọ̀wọ́, ó nu apá yín, ó fún yín ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó dùn yín, ó ya páálí tuntun níṣojú yín, ó sì ju irin tó fi tì í wọlé nù. Bó bá ṣe pé ó fẹ́ fi èyí tó ti lò fún ẹlòmíràn ṣe é fún yín, ẹ ò ní pariwo bí? Wọ́n á gbọ́ yín dé Ìlàjẹ! Apá wa mọ̀ ọ́n, etí ọmọ wa ni ò mọ̀ ọ́n.

Àwọn ọkùnrin pàápàá yí padà. Ní oṣù kẹjọ 1997, nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Olikoye Ransome-Kuti jáde sọ fún ayé pé éèdì ló pa àbúrò òun, Fẹlá, ẹ̀rù ba gbogbo Èkó. Láti ìgbà yẹn, àwọn tó ń gbé kílípà tiwọn lọ sọ́dọ̀ onígerun ti wá pọ̀ sí i. Ta ló ti gbé abẹ́rẹ́ tiẹ̀ lọ sọ́dọ̀ alùtí rí?

Àwọn ọ̀dọ́ á ní ìbọn alùtí ni tàwọn, ti ìgbàlódé. Ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ọ̀pọ̀ ìbọn yẹn, ike ló wà lára rẹ̀, a ò lè kì í sínú ìkòkò gbígbóná tí mo wí lẹ́ẹ̀kan. Bí wọ́n bá sì fi lu òkè etí níbi tó le, ó lè fọ́ ọ. Ní Amẹ́ríkà pàápàá, ní ìpínlẹ̀ Oregon ní 2000, èèyàn 7 ni àyẹ̀wò fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé wọ́n kó àrùn nígbà tí wọ́n lu òkè etí wọn ní ìsọ̀ kékeré kan ṣoṣo, àwọn kan nínú wọn sì dèrò ọsibítù. Nígbà tí wọ́n wádìí, inú ìgò oògùn apakòkòrò gan-an tí wọ́n ń fọ́n níbẹ̀ ni wọ́n ti bá kòkòrò náà. Ẹ wá ronú nípa ìgò sípírítì tí a ń bù kún láti Jánúárì dé Disẹ́ńbà.

Ó kan èmi wàyí. Oníbàárà á dé, á ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí n wọ̀ ọ́ wò." Á ki yẹtí bọ etí, á wo dígí, á yọ ọ́, á fi sílẹ̀. Èkejì á tún wọ ọ́ wò. Ìyá ọmọ ìkókó á wá ra èyí tí èèyàn márùn-ún ti wọ̀ wò, wọn á sì tì í bọ ojú egbò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lù. Ogún ọdún ni mo fi ta ọjà bẹ́ẹ̀. Mo sì tún ń ta èyí tí a fi omi wúrà kùn, tí nickel wà nínú rẹ̀, tó ń hun etí. Láti 1994 ni àwọn ìjọba Yúróòpù ti fòfin díwọ̀n nickel tó lè wà lára yẹtí, tiwa ń wọlé bó ṣe wù ú. Mo ti dá wíwọ̀ wò dúró ní ìsọ̀ mi báyìí. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́ etí, ẹ wo dígí, ó tán. Oníbàárà mẹ́ta ti bínú lọ. Ọ̀kan ti padà.

Àwọn kan nínú ẹgbẹ́ ti ń sọ pé ká lé àwọn alùtí kúrò lọ́jà. Mi ò fara mọ́ ọn. Bí a bá lé wọn, inú àgbàlá ni wọ́n máa wọ̀ lọ, ojú ẹnikẹ́ni ò ní tó wọn mọ́. Ẹ jẹ́ ká jọ ṣòfin. Kí ẹgbẹ́ máa ra abẹ́rẹ́ ní páálí, kí a tà á fún wọn ní iye tí a rà á, kí wọ́n sì fi owó rẹ̀ kún iṣẹ́ wọn. Kí ìyá tó bá gbé ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ 14 wá máa fi káàdì àjẹsára hàn, kí a sì rọ̀ ọ́ pé kó ní sùúrù di ìgbà tó bá gba ti ọ̀sẹ̀ 14. Abẹ́rẹ́ tí a ti lò, inú agolo onídèérí ni kó wà títí a ó fi gbé e lọ sí ilé ìlera, kì í ṣe inú gọ́tà tí omi òjò á gbé e dé ẹsẹ̀ ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn onítẹ̀wé Ṣómólú tí gbogbo Èkó ń wá bá, ọ̀rẹ́ wa ni wọ́n, wọ́n lè bá wa tẹ káàdì tí alùtí máa gbé kọ́ síwájú: ABẸ́RẸ́ KAN, ETÍ KAN.

Mo ti bá aládùúgbò mi sọ ọ́. Ó kọ́kọ́ gbójú kúrò, a ò kí ara wa fún ọjọ́ méjì. Ní ọjọ́ kẹta ó dé ìsọ̀ mi, ó ní, "Ìyá, ta ló máa san owó abẹ́rẹ́ yẹn, èmi ni àbí ìyá ọmọ?" Ìbéèrè gidi ni. Mo ti bẹ akọ̀wé kó fi í sínú ohun tí a máa sọ ní ìpàdé oṣù tó ń bọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pẹ́ dé.