Iṣẹ́ ni Wọ́ọ́dìn, Kì í Ṣe Oyè

Ní agbègbè Adágún Nike ní Enugu, níbi tí ilé tuntun ti ń gba ilẹ̀ oko, wọ́ọ́dìn, ìyẹn ọmọ ìjọ tí wọ́n yàn láti máa bójú tó owó ìjọ, wà nínú àwọn ìjọ Áńgílíkà tó wà lábẹ́ Dáyósíìsì Nike gẹ́gẹ́ bó ṣe wà nínú tiwa ní Ìbàdàn àti Abẹ́òkúta: ti fíkà kan, ti ìjọ kan. Níbi tí ìlú bá ti ń gbòòrò, ìjọ a máa ra ilẹ̀, a máa kọ́lé, owó ńlá a sì máa gba ọwọ́ àwọn wọ́ọ́dìn kọjá. Ó yẹ kí a bi ara wa léèrè ohun tí wọ́n dá ipò yìí sílẹ̀ fún. Lójú tèmi, iṣẹ́ tí ìjọ ń rán ènìyàn fún ìgbà díẹ̀ ni. Bí a bá sọ ọ́ di oyè fún olówó, a ti já ẹ̀tọ́ ìjọ gbà.

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ipò náà ti wá. Láyé àtijọ́, àlùfáà ló ń tún ibi pẹpẹ ṣe. Àwọn ará ìjọ ló ń tún ibi tí àwọn fúnra wọn ń jókòó sí ṣe. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń yan ẹni tí yóò máa tọ́jú owó wọn. Ìwé ìṣirò owó àwọn wọ́ọ́dìn ṣọ́ọ̀ṣì St Michael ní ìlú Bath ti wà láti 1349. Nígbà tó di 1601, ìjọba fi owó ìtọ́jú àwọn tálákà kún iṣẹ́ wọn. Òfin ìjọ ti 1604 wá là á mọ́lẹ̀: àlùfáà àti ìjọ ni yóò jọ yàn wọ́n, bí ẹnu wọn ò bá kò, kí kálukú yan ẹnì kan. Ọdún kan péré ni wọn yóò lò, àfi tí wọ́n bá tún yàn wọ́n. Bí ọdún bá parí, kó tó pé oṣù kan, wọn gbọ́dọ̀ ṣírò owó níwájú àlùfáà àti ìjọ, kí wọ́n sì kó èyí tó kù sílẹ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé àṣà òyìnbó lèyí, pé àwa ń bọlá fún àgbà tó ń náwó fún ìjọ. Ọlá yẹ wọ́n, oyè Bàbá Ìjọ àti Ìyá Ìjọ sì wà fún un. Ẹni tó jẹ ẹ́ lè jẹ ẹ́ dọjọ́ ikú. Ti wọ́ọ́dìn yàtọ̀. Ìṣirò owó kì í sì í ṣe àjèjì sí wa: alájọ tí kò lè sọ iye tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ta ni yóò tún dá àjọ sí i lọ́wọ́?

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé kíka ìwé owó ní gbangba yóò dá ìjà sílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì St Paul's, Breadfruit, ní Èkó lọ́dún 1901 kọ́ wa ní òdìkejì: pípa ìjọ tì ló ń dá ìjà sílẹ̀. Nígbà tí Bíṣọ́ọ̀bù Tugwell mú àlùfáà wọn, James Johnson, kúrò níbẹ̀ láìka ohùn ìjọ sí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìjọ, Jacob Kehinde Coker pẹ̀lú wọn, bá ìbínú jáde, ibẹ̀ sì ni Ìjọ African ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń gbé ẹrù ìjọ kì í gbà kí wọ́n pa òun lẹ́nu mọ́. Ohun tí a bá fi pamọ́ ló ń bí àhesọ. Ìwé owó tí gbogbo ènìyàn rí kì í bí i.

Nítorí náà, kí ìjọ máa dìbò yan wọ́ọ́dìn rẹ̀, kí àkókò rẹ̀ ní gbèdéke, kí wọ́n sì ka ìwé owó sétígbọ̀ọ́ gbogbo ìjọ lọ́dọọdún. Kí fíkà má ṣe fi ipò náà san oore fún ẹnikẹ́ni. Opó tó ń mú ọrẹ wá láti inú àìní ní ẹ̀tọ́ láti mọ ibi tí ọrẹ rẹ̀ gbà lọ.