Ẹ Jẹ́ Kí Òjò Ọdún Méjì Rọ̀ Ná

Lábẹ́ òfin ọdún 1991 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ilé-iṣẹ́ tó bá gbẹ́ títì láti ri páìpù tàbí wáyà gbọ́dọ̀ dí i padà. Ọrùn rẹ̀ ni àtúnṣe wà fún ọdún méjì. Bí kòtò bá jìn gan-an, ó di mẹ́ta. Wọ́n tún máa ń fún àwọn tó bá ṣe é dáadáa ní àmì-ẹ̀yẹ.

Mo fẹ́ irú rẹ̀ níbí, àmọ́ kì í ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n bá ń ṣí ọ̀nà. Títì wo ni kì í dán lọ́jọ́ náà? Ẹ mú ọ̀nà Mọ́níyà sí Ìsẹ́yìn, kìlómítà 65, tó gba Akínyẹlé kọjá. Kí ìyá tó ń kó ẹ̀gẹ́ wá láti Ìjàyè àti ọlọ́kadà tó ń gbé e ṣe adájọ́. Kí wọ́n wo gọ́tà àti etí títì lẹ́yìn òjò ọdún méjì. Kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ ní Lágelú àti Ọ̀nà-Àrà náà.

Ẹnìkan lè ní abúlé tí kò lọ́nà rárá kò nílò àmì-ẹ̀yẹ. Nítorí abúlé yẹn gan-an ni. Owó tí a bá ná lẹ́ẹ̀mejì sórí ọ̀nà kan, ọ̀nà tiẹ̀ la ná.